Ìwé Aláwọ̀ Mẹ́ta Tí Mo Kọ fún Ìjọ Wa

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni mo fi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ yẹn, mo sì rò pé mo ti ṣe é dáadáa. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Bronx lókè òkun níbí, àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru àti àwọn tí ṣúgà ń dà láàmú ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí mò ń tọ́jú. Ìyàwó àlùfáà wa ló ní kí n wá bá ìjọ sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ lẹ́yìn ìsìn, torí pé láàárín oṣù díẹ̀, àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá ọmọ ìjọ wa méjì dúbúlẹ̀.

N kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ohun tí mò ń sọ fún àwọn aláìsàn lójoojúmọ́ ni mo sọ fún wọn. Mo ní kí wọ́n dín òkèlè kù, kí wọ́n fi ẹ̀fọ́ kún un. Mo ní kí wọ́n fi omi rọ́pò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kí wọ́n dín iyọ̀ ọbẹ̀ kù, kí wọ́n máa rìn, ìbáà ṣe láti ilé dé ibùdókọ̀ tó tẹ̀ lé tiwọn, kí wọ́n sì máa sùn dáadáa. Mo ní kí ẹni tó bá ń lo oògùn ṣúgà rí i pé òun jẹun kó tó gbé oògùn náà mì, kó má dà á sínú ikùn òfìfo. Mo kí wọn, mo sì jókòó.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Bàbá kan tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin, tó wa ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fẹ̀yìn tì, dìde dúró.

"Nọ́ọ̀sì, a dúpẹ́ o. Ṣé ibi tó parí sí nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Hẹn-ẹn. Èyí tí ẹ sọ yìí, ìyá tó bí mi lọ́mọ máa ń sọ ọ́, ìyá mi ò sì dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé rí."

Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ara mi gbóná láti ọrùn dé etí.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó àlùfáà pè mí. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í fẹ́ kí inú ẹnikẹ́ni bàjẹ́. Ó ní, "Ẹ má bínú o, Nọ́ọ̀sì. Àwọn èèyàn ń sọ pé ó dà bíi pé ẹ ò ráyè múra sílẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó wá lọ́dún tó kọjá gbé ẹ̀rọ wá, ó fi àwòrán hàn wọ́n, ó tún pín ìwé fún wọn. Ṣé ẹ lè tún padà wá lóṣù tó ń bọ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Èmi tí mo ṣe ìdánwò ní Nàìjíríà, tí mo tún un ṣe níbí kí wọ́n tó gbà mí síṣẹ́, èmi ni wọ́n ní n kò múra sílẹ̀. Kí n má parọ́, láti ìgbà tí mo ti gbé fóònù yẹn sílẹ̀, kì í ṣe ìlera ìjọ ló ń jẹ mí lọ́kàn mọ́. Orúkọ mi ni.

Sátidé mẹ́ta ni mo fi jókòó sídìí tábìlì kíṣìnnì wa ní àdúgbò Soundview, tí mò ń kọ ìwé. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, kí àwọn àgbà lè rí i kà. Mo pín oúnjẹ sí àwọ̀ mẹ́ta. Àwọ̀ ewé ni ohun tí èèyàn lè jẹ nígbàkigbà. Àwọ̀ ìyeyè ni ohun tí ó ní wákàtí tirẹ̀. Pupa ni ohun tí èèyàn ò gbọdọ̀ fẹnu kàn. Mo ní wọn ò gbọdọ̀ jẹ èso lẹ́yìn oúnjẹ, àfi ṣáájú. Mo ní wọn ò gbọdọ̀ da ẹ̀wà pọ̀ mọ́ ìrẹsì. Mo ní tí èèyàn bá jẹun tán, kó má mu omi títí ìdajì wákàtí fi máa kọjá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n wà ní ìyeyè láàárọ̀ Ọjọ́rú àti Sátidé, ó sì di pupa láti ọ̀sán lọ. Gbogbo ohun mímu tó bá ti dùn, títí kan omi ọsàn, pupa ni, kò sí àlàyé.

Ibo ni mo ti rí gbogbo rẹ̀? Díẹ̀ wá láti ibi iṣẹ́. Èyí tó pọ̀ jù, mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn orí fóònù tí n kò mọ̀ rí. Èyí tó kù, ó kàn dún létí mi bí ohun tí onímọ̀ máa ń sọ ni.

Ọkọ mi wọlé bá mi níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Àwo ìrẹsì àti ẹ̀wà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mò ń jẹ ẹ́ bí mo ṣe ń kọ̀wé. Ó gbé ìwé náà, ó kà á, ó wo inú àwo mi.

"Ta ló máa lè tẹ̀ lé eléyìí?"

Mo ní, "Ẹni tó bá fẹ́ ìlera."

Ó gbé ìwé náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì bọ́ sí yàrá.

Nígbà tí mo padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó lé ní wákàtí kan tí mo fi sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn ń gbé fóònù sókè, wọ́n ń ya àwòrán ìwé náà bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn. Bàbá tó fi mí ṣẹlẹ́yà lóṣù tó kọjá ló kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá òun lè fi ẹ̀pà jẹ gúgúrú. Ìdáhùn kan ṣoṣo tí mo ní ni pé kó má pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀, mo wo bíírò tó dì mú, mo sì gbọ́ tí ẹnu mi sọ pé, "Kó má kọjá aago méjì ọ̀sán, sà." Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó fa ìlà sí i nídìí.

Wọ́n dìde dúró pàtẹ́wọ́ fún mi. Láti ọjọ́ náà ni àwọn kan ti ń pè mí ní Dókítà. N kò dá wọn lẹ́kun.

Màmá kan jókòó síwájú pátápátá lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọmọ wọn obìnrin, tó ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn ní Manhattan, ló mú wọn wá láti Ìjẹ̀bú nígbà tó bí ọmọ rẹ̀ kejì. Ilé méjì péré ló wà láàárín ilé wọn àti tiwa. Màmá ní ṣúgà, wọ́n sì ń lo oògùn rẹ̀ láràárọ̀. Èèyàn kan tó fẹ́ràn mi ni. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú.

"Ọmọ mi, ohun tí o ṣe fún wa lónìí yìí, Ọlọ́run á ṣe é fún ìwọ náà. Màá tẹ̀ lé e. Mi ò ní yẹsẹ̀ níbẹ̀."

Inú mi dùn débi pé mo fún wọn ní ìwé kejì, kí wọ́n lè lẹ ọ̀kan mọ́ ara fíríìjì.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ọmọ àbúrò bàbá mi kan, tó ń gbé ní àdúgbò Mariners Harbor tó jìnnà sí wa, fi ìwé kan ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lé e lórí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ohun tí dókítà ńlá kan ní Bronx kọ o. Wọ́n ní ó ti wo ọ̀pọ̀ èèyàn sàn." Ìwé mi ni. Ẹnì kan ti fi àwọ̀ kẹrin sí i, àwọ̀ dúdú, fún ohun tí ọmọ Ọlọ́run ò gbọdọ̀ rà wọlé rárá. Ẹlòmíràn ti fi kún un pé ẹni tó bá ṣèèṣì jẹ nǹkan pupa gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ lọ́jọ́ kejì títí di ìrọ̀lẹ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì tún gbọ́ ibi tó ti pè mí ní dókítà ńlá lẹ́ẹ̀kan sí i. N kò sọ fún un pé èmi ni mo kọ ọ́. N kò sọ fún un pé kó má fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Ọjọ́bọ̀ kan, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, mo wà nílé torí ọjọ́ ìsinmi mi ni. Ọmọ Màmá pè mí láti ibi iṣẹ́.

"Anti, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ wà nílé? Màmá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù bí ẹni tó mutí yó. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Kí n tó dé láti Manhattan, ó máa tó wákàtí kan."

"Ṣé wọ́n ti jẹun?"

"Mi ò mọ̀, Anti. Ìwé yín ni wọ́n ń tẹ̀ lé."

Mo mú ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà, mo fi bàtà inú ilé sáré jáde. Lífíìtì ilé wọn ti bàjẹ́ láti ìjẹta, mo fi ẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn dé àjà karùn-ún. Aládùúgbò wọn, obìnrin ará Jàmáíkà kan tí wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́, ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ṣílẹ̀kùn fún mi.

Màmá jókòó ní kíṣìnnì. Wọ́n wọ kóòtù bí ẹni tó fẹ́ jáde. Òógùn bò wọ́n lójú, ó ti mú ọrùn aṣọ wọn rin gbingbin, ọwọ́ wọn sì ń gbọ̀n lórí tábìlì. Wọ́n wò mí, wọ́n sì fi orúkọ àbúrò wọn kan tó ti kú tipẹ́ nílé pè mí.

"Ìwọ ni? Ta ló mú ọ wá síbí?"

"Màmá, èmi ni o. Nọ́ọ̀sì ni."

"Jókòó. Mi ò tíì dáná."

Mo gún ìka wọn, mo wo ojú ẹ̀rọ náà. Ṣúgà wọn ti lọ sílẹ̀ débi tó léwu. Mo ní kí aládùúgbò pe áńbúláǹsì. Mo ṣí fíríìjì, mo rí omi ọsàn àwọn ọmọ-ọmọ, mo bù ú sí ife kí ṣúgà wọn lè gòkè, mo gbé e sí wọn lẹ́nu.

Wọ́n yí ojú kúrò.

"Màmá, ẹ mu ún. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Pupa ni."

Mo rò pé ìrànrán ni wọ́n ń sọ. Mo tún gbé e súnmọ́ wọn. Wọ́n fi ọwọ́ ti ife náà, díẹ̀ dànù sára kóòtù, wọ́n sì nàka sí ara fíríìjì. Ìwé mi wà níbẹ̀. Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lórígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Dókítà ní mi ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án."

Mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì láti ìgbà tí irun mi ti dúdú, mo ti rí aláìsàn tó kọ oògùn torí ìgbàgbọ́, torí ìbẹ̀rù, torí agídí. N kò rí ẹni tó fẹ́ kú rí torí ohun tí èmi fúnra mi kọ nígbà tí mò ń jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà.

"Màmá, èmi ni mo kọ ọ́! Èmi náà ni mo ní kí ẹ mu eléyìí!"

Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín kékeré.

"Ìwọ kọ́. Ìwọ tí o sá kúrò nílé ìwé."

Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn. N kò mọ ohun tí mo lè ṣe mọ́. Orí wọn ti ń tẹ̀ sí apá kan, mo sì mọ̀ pé tí wọ́n bá dákú, n kò gbọdọ̀ da nǹkan kan sí wọn lẹ́nu mọ́. Ni mo bá sọ pé, "Oògùn ni o, Màmá. Oògùn yín ni mo pò sínú rẹ̀."

Wọ́n ronú lé e. Mo rí i tí wọ́n ń wá oògùn lórí ìwé yẹn pẹ̀lú ojú wọn tó ti ṣú.

"Oògùn ò sí nínú pupa," ni wọ́n wí, wọ́n sì ya ẹnu.

Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń fún wọn, títí ife náà fi gbẹ. Obìnrin ará Jàmáíkà dúró lẹ́yìn wọn, ó di èjìká wọn mú, ó ń gbàdúrà. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí Màmá tó gbé ojú sókè, kí wọ́n tó wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

"Nọ́ọ̀sì? Kí lo wá ṣe níbí? Ta ló da omi sí mi lára?"

Mo béèrè ìgbà tí wọ́n jẹun kẹ́yìn. Wọ́n ní àná, ṣáájú aago méjì. Mo béèrè bóyá wọ́n lo oògùn láàárọ̀. Wọ́n ní àwọn lò ó, ṣebí ìwé ò ní kí àwọn má lò ó.

A ṣì ń retí áńbúláǹsì nígbà tí mo dìde lọ wo ìwé náà nítòsí. Màmá ti fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọjọ́ dé ọjọ́, ìkọ̀wé wọn ń gbọ̀n. *Ẹ̀wà: kò dá mi lójú. Ìrẹsì: kò dá mi lójú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀: aago ti kọjá. Iṣu: mo gbàgbé láti bi Nọ́ọ̀sì.* Ní ọjọ́rú, ìyẹn àná, wọ́n kọ pé, *Kàkà kí n ṣì í jẹ, ó sàn kí n dúró.*

Mo ń wá gbólóhùn kan níbẹ̀. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo tún un kà. Ibi tí mo ti sọ pé kí ẹni tó ń lo oògùn ṣúgà jẹun kó tó lò ó, n kò rí i. Mo ti sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n rẹ́rìn-ín sí. Nígbà tí mò ń kọ ìwé ńlá, mo yọ ọ́ kúrò. Mo rántí bí mo ṣe yọ ọ́. Mo ní gbogbo èèyàn ló mọ ìyẹn, pé ó máa mú kí ìwé náà dà bí ohun yẹpẹrẹ.

Ọmọ Màmá bá wa ní ọsibítù pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Mo fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo sọ fún un pé èmi ni mo fà á, pé ohun tó pọ̀ nínú ìwé náà kò ní ìdí kankan, pé mo kọ ọ́ kí wọ́n lè bọ̀wọ̀ fún mi. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Mo tilẹ̀ fẹ́ kó bú mi.

Ó nu ojú rẹ̀. "Anti, ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Ìwé yín dáa. Màmá ni ò tẹ̀ lé e bó ṣe yẹ."

Mo jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo ń wo bàtà inú ilé tó ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo tọrọ ààyè lọ́wọ́ àlùfáà, mo dìde dúró níwájú ìjọ. Mo ní kí gbogbo ẹni tí ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ fà á ya. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, n kò dárúkọ Màmá. Mo tún ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sọ, bí mo ṣe sọ ọ́ nígbà yẹn, mo sì fi ti oògùn ṣíwájú. Lẹ́yìn náà, ní ẹnu ọ̀nà, bàbá olórí ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin fà mí sẹ́yìn.

"Dókítà, ẹ má jẹ́ kí ọ̀ràn ẹnì kan bà yín lẹ́rù. Èmi ti fọn nítorí ìwé yẹn. Mi ò ní fà á ya."

"Sà, ẹ fọn torí pé ẹ dín oúnjẹ kù ni. Ẹ lè dín in kù láìsí ìwé kankan."

Ó mi orí. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. "Rárá o. Ó ní bí ẹ ṣe tò ó."

Màmá lo ọjọ́ méjì ní ọsibítù. Dókítà wọn yí oògùn wọn padà. Fún bí oṣù kan, mo ń yà sọ́dọ̀ wọn láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, a jọ ń jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ín-mọ́ín, tàbí ẹyin àti búrẹ́dì, lẹ́yìn náà wọ́n á lo oògùn lójú mi. Lọ́jọ́ kan, mo ní ìgboyà láti béèrè.

"Màmá, ṣé ẹ bínú sí mi?"

"Kí ni màá bínú sí?" Wọ́n ń bó ẹyin. "Ó ní ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ, ṣá. Lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ní ọmọ yìí ń fi nǹkan pa mọ́ fún wa."

"Èmi? Kí ni mo fi pa mọ́?"

"Oògùn tó le ni àwọn òyìnbó ń fún mi. Abẹ́rẹ́ ni, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fà. Wọ́n ní àìsàn yìí kì í lọ. Ìwọ wá dúró níwájú wa, o ní ká jẹ ẹ̀fọ́, ká máa rìn. Mo ní, kì í ṣe èyí ló ń sọ fún àwọn tó ń sanwó fún un. Ó ti fi ojúlówó pa mọ́. Nígbà tí o wá kó ìwé aláwọ̀ yẹn dé, inú mi dùn. Mo ní, hẹn, ó ti ṣí ọwọ́."

Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé èèyàn lè gbọ́ òótọ́ tó rọrùn, kó rò pé ahun ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ẹni tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn fún láti ogún ọdún, tí wọ́n kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, tí wọ́n jáde lọ wá ojúlówó kiri.

Ìwé náà ò tíì kú. Lóṣù tó kọjá, mo lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan tó bímọ ní àdúgbò East Flatbush, obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí sì fi í hàn mí lórí fóònù. Ó ti di ojú ewé mẹ́fà. Orúkọ ọsibítù kan tí n kò wọ̀ rí wà lókè rẹ̀. Mo sọ fún un pé èmi ni mo kọ ọ́, pé kó pa á rẹ́, pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èèyàn. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó fi fóònù rẹ̀ sápò, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Ara Màmá ti le báyìí. Tí ojú ọjọ́ bá dáa, èmi àti wọn máa ń rìn dé etí omi, wọ́n á máa ka àwọn ọkọ̀ òfuurufú tó ń kọjá lọ sókè, wọ́n á máa bi mí pé èwo ló ń lọ sílé nínú wọn. N kì í mọ̀. Mo ti ń kọ́ láti sọ fún wọn pé n kò mọ̀.